Ẹnu Ọ̀nà Ìjẹ́wọ́ ní Òkè Sínáì

Riverdale, Georgia
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún o. Ẹ kú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé òtútù ti bo gbogbo Ìgbájọ báyìí, tí ẹ̀yin náà á sì máa pariwo ní ìsọ̀ yín mọ́ àwọn tó ń la igi pé pákó wọn wọ́. Níbí, yìnyín ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú sì dúró sójú kan. Ọmọ-ọmọ yín, Tiwa, ní kí n kí yín.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Màámi, fóònù mi, Akínbọ̀dé ló ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́. Àdúrà tí ẹ máa ń sọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún yín pé a wà dáadáa, Ọlọ́run ń ṣe é. Irọ́ ni. A ò wà dáadáa rárá. Ọkọ mi ń lù mí. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó", ẹnu mi ò gba "wọ́n" mọ́.

Kì í ṣe ìgbájú kan ìgbájú méjì tí ẹ lè máa rò. Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, mo ti shift dé, ọbẹ̀ kò tí ì gbóná, ó mú mi lórí, ó fi gbá ilẹ̀kùn fíríìjì lẹ́ẹ̀mẹta. Tiwa wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ó di etí rẹ̀ méjèèjì, ó dijú. Lọ́jọ́ kejì mo wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè bo gbogbo ibi tó wú, wọ́n sì ń yìn mí pé gèlè mi rí rèǹtèrente.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìjọ wa ń lọ sí ìrìn-àjò mímọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n ń lọ sí Íjíbítì, sí Òkè Sínáì tí Mósè ti gba òfin. Akínbọ̀dé tó jẹ́ díákónì ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀, mi ò sì lè kọ̀. Àmọ́ tí a bá ti dé, mi ò ní pẹ́ nílé ọkùnrin yẹn mọ́. Mo ti ń kó ẹrù mi díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní Tucker. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ kàn fi ẹnu ara yín sọ pé kí n kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò ní lè gbé mi jáde tí mi ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni.

Aunty Joanna, àgbà nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa, ló ń bọ̀ nílé, òun ló máa mú èyí wá. Àdírẹ́sì Ṣìkẹ́mi ni kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí, ó wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Oyèrónkẹ́


Ìgbájọ
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 2025

Oyèrónkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kí ni mo tún ń bèèrè, o ti sọ fún mi pé kò sí àlàáfíà. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo ti ìsọ̀ pákó mi pa, mo padà sílé láago mẹ́wàá àárọ̀. Akínbọ̀dé! Akínbọ̀dé tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, tí àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, tó ní òun á máa tọ́jú rẹ bí ẹyin! Ọwọ́ rẹ̀ á rọ. Ká ní Amẹ́ríkà kò jìnnà ni, igi ìrókò ni ǹ bá fi là á lórí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ìyá. Ìwọ náà lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́: bí èèyàn bá sọ ẹyọ kan, ìwọ á sọ mẹ́ta. Obìnrin wo ni ọkọ kò nà rí? Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, nà mí ní bẹ́líìtì nítorí orí ẹja. Mo dúró. Ká ní mo lọ, ta ni ì bá tọ́ ọ dàgbà? Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. N kò lè sọ pé kí o jáde, Rónkẹ́. Kí ni n ó wí fún àwọn ìyá ìjọ, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ìyàwó tuntun lẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo Sátidé?

Lọ sí òkè yẹn. Mósè gùn ún, Ọlọ́run dá a lóhùn, ìwọ náà kò ní lọ lásán. Aunty Joanna sọ fún mi pé ògiri kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igbó tí Mósè rí, èyí tó ń jó tí kò run, pé àwọn arìnrìn-àjò máa ń ki ìwé àdúrà bọ ihò òkúta rẹ̀. Mo ti kọ àdúrà kan, mo ká a sínú ìwé yìí. Orúkọ ọkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Bá mi kì í bọ ibẹ̀ dáadáa, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

Ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Ṣé mo jọ ẹni tó ń rojọ́ kiri ni?

Ìyá rẹ tí kò dákẹ́ àdúrà,
Fẹ́hìntọlá


Riverdale
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2025

Màámi,

Mo kí yín. Mi ò ní kí yín pẹ́ lónìí.

Ẹ ní mo lẹ́nu. Ì bá dára kí ẹ rí ẹnu náà báyìí, eyín ìsàlẹ̀ kan ti ń mì nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì Akínbọ̀dé kò gún bó ṣe fẹ́, ó sì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó fi lẹ̀ mọ́ mi léjìká. Mo gbọ́ òórùn ara mi, Màámi. Mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lé e, mo lọ fi wákàtí méjìlá bọ́ àwọn arúgbó. Ọ̀kan nínú wọn, Mister George, tí kò rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́, di ọwọ́ mi mú, ó ní ta ló ń ṣe èyí fún ọ? Òyìnbó tí orí rẹ̀ ti dàrú rí i. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ẹ ní kí n lọ ki ìwé bọ ògiri!

Ẹ ní bàbá mi nà yín, ẹ dúró. Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Abẹ́ tábìlì ni mo wà, mò ń wo ẹsẹ̀ yín bó ṣe ń fò. Mi ò fẹ́ kí Tiwa wà lábẹ́ tábìlì tèmi.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣètò rẹ̀, kí ọkàn yín má baà já lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin la máa gbéra, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún la máa dé. Tiwa máa wà lọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, tí Akínbọ̀dé bá ti lọ sí Fairburn níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí, èmi ò ní padà sílé mọ́. Yálà ẹ sọ pé kí n lọ tàbí ẹ ò sọ ọ́, màá lọ. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́.

Mo tún kọ àdírẹ́sì Ṣìkẹ́mi sẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́.

Oyèrónkẹ́


Ìgbájọ
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Ọmọ mi, ọlá mi,

Inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Yọ̀ pẹ̀lú mi!

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yẹn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi sùn. Mo dìde, mo jókòó. Mo wá bi ara mi pé, Fẹ́hìntọlá, báwo ni àwọn àgbà ṣe ń ṣe é? Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ṣe ọ́, ẹni tó ni ín la máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òótọ́ ni, o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ṣé bàbá ọkọ rẹ wá ni ẹnikẹ́ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá wọkọ̀, ó di ìlú Àdá.

Mo bá Bàbá Fọláhàn nílé. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́, mo sunkún. Ó kọ́kọ́ ní òun kò gbà, pé ọmọ òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, pé bóyá ìwọ lo ń bínú. Mo ní èmi kì í parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo fa lẹ́tà rẹ yọ, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un wọ yàrá lọ fi han ìyàwó òun. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà fún mi, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ìtìjú ńlá gbáà ni, pé òun á bá ọmọ òun wí, ọmọ náà á sì gbọ́. Wọ́n gúnyán fún mi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn mí dé ibi ọkọ̀.

Ṣé o rí i? Ohun tí òkè Sínáì fẹ́ ṣe, àgbà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé. Má wá lọ fi ilé rẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kankan. Kó o tó gun òkè yẹn, Akínbọ̀dé á ti di ọ̀dọ́ àgùntàn. Máa pè é ní "wọ́n" padà o, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
Fẹ́hìntọlá


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Màámi,

Mi ò kọ orúkọ ibi tí mo wà sókè ìwé yìí. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Lẹ́tà yín oṣù kẹta kò bá mi nílé. Ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀ òfurufú ló dé ọ̀dọ̀ Ṣìkẹ́mi. Ká ní ó tètè dé ni, mi ò ní bá ọkùnrin yẹn gun òkè kankan.

Fún odindi oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò, Akínbọ̀dé kò fọwọ́ kàn mí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ra bàtà ìgunkè fún mi, ó bá mi so okùn rẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àbí àdúrà Màámi ti gbà ni.

A dé ilé àwọn mọ́ńkì tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Wọ́n ní ó lé ní egbèje ọdún tí wọ́n ti mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ ga bí ti ẹ̀wọ̀n. Mo rí igbó náà, ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́ bọ̀ láti orí ògiri. Mo ki ìwé yín bọ ihò, mo fi ìka tì í títí mi ò fi rí i mọ́. Wọ́n tún mú wa wọ ilé kékeré kan tí wọ́n ń kó egungun àwọn mọ́ńkì tó ti kú sí, agbárí lórí agbárí. Ọ̀kan jókòó, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, Sítéfánù lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá ní òun ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà òkúta kan lórí òkè láyé ìgbà yẹn, kò sì ní jẹ́ kí arìnrìn-àjò kankan kọjá àfi tó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àtẹ̀gùn òkúta ni, wọ́n ní ó ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún lọ. Orúnkún Aunty Joanna ń dún, Pásítọ̀ Ọláníyọnu wa ń dá orin, a ń gbè é. A dé ẹnu ọ̀nà náà, òkúta méjì tí wọ́n fi òkúta dí lórí. Inú Pásítọ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ẹni tó bá di ọkọ tàbí aya rẹ̀ sínú kò ní kọjá ibí! Tọkọtaya kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́wọ́ fún ara yín!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan jẹ́wọ́ pé òun lòun fi mọ́tò ìyàwó òun gbá ògiri gáréèjì. A pàtẹ́wọ́.

Ó kàn wá. Akínbọ̀dé yọ fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó tèmi ti jẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Màámi, lẹ́tà mi ló ń kà. Áyọ́ọ̀nù, abẹ́ tábìlì, Ṣìkẹ́mi, ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń kà á ketekete bí ẹni ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ. Mo yọjú wo fóònù náà. Fọ́tò ìwé ọwọ́ mi ni, àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ sì hàn létí ìwé. Nínú yàrá tí ẹ ní ó gbé e wọ̀ yẹn, fọ́tò rẹ̀ ló lọ yà.

Kò tíì kà á parí tó fi gbá mi lẹ́nu. Eyín tó ń mì yẹn jáde. Ó kó irun mi sọ́wọ́, ó fi ojú mi gbá òkúta ẹnu ọ̀nà náà, ó fà mí sẹ́yìn, ó tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú. Ó ní, "Orí òkè yìí ni mo ti máa pa ọ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ á rí i." Ọ̀gbun wà lápá òsì, ó ń wọ́ mi lọ síbẹ̀. Pásítọ̀ ń pariwo pé, "Bùrọ̀dá Akin, ilẹ̀ mímọ́ nìyí o! Ilẹ̀ mímọ́ nìyí!" Ilẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ fún, kì í ṣe èmi.

Ọ̀pá ìgunkè ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi gbá a lójúgun, ó ṣubú. Mo dìde, mo tún gbá a. Mo fi gbá ọwọ́ tó fi gbé áyọ́ọ̀nù, mo fi gbá èjìká rẹ̀, mo ń gbá a, mo ń ké, títí ọ̀pá fi kán. Ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá ló gbá mi mú látẹ̀yìn. Mi ò ní purọ́ fún yín níbi tí mo ti jìyà tó báyìí: ká ní kò gbá mi mú ni, mi ò ní dúró. Inú mi dùn bí mo ṣe ń lù ú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Pásítọ̀ sọ. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi, kí oòrùn má wọ̀ bá wa lọ́nà. Wọ́n sì gun ìyókù òkè náà, Màámi! Wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ ya fọ́tò. Aunty Joanna nìkan ló tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú mi, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi rán ojú mi nílé ìwòsàn kékeré kan nílùú ìsàlẹ̀ òkè.

Nígbà tí wọ́n ń rán ojú mi lọ́wọ́, Akínbọ̀dé ti ń tiro lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó ti mọ ibi tí Tiwa wà, àdírẹ́sì Ṣìkẹ́mi wà lẹ́yìn ìwé tí mo fún yín. Ó dé Tucker ṣáájú mi lọ́jọ́ méjì. Ó fi jáàkì mọ́tò fọ́ ilẹ̀kùn. Ṣìkẹ́mi gbé Tiwa gba ojú fèrèsé sọ sí ọgbà aládùúgbò, ó kọjú sí i, ó fi ẹ̀yìn páànù tó fi ń dín ẹyin gbá a, òun náà fi jáàkì ṣẹ́ ẹ ní ìka méjì. Ìka nọ́ọ̀sì! Ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn díákónì lọ ṣe onídùúró fún un, ó sì ti wà níta báyìí, ó ń wá wa kiri.

Èmi àti Tiwa wà láàyè. Ó ń lọ sí ilé ìwé mìíràn. Aunty Joanna nìkan ló mọ ibi tí a wà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ gbé e fún àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti dárí jì yín, mò ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má bi mí ní àdírẹ́sì. Mi ò lè fún yín.

Oyèrónkẹ́


Ìgbájọ
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Oyèrónkẹ́,

N kò mọ bí n ó ṣe kí ọ. Ojú ń tì mí láti kọ orúkọ rẹ. Wọ́n ní àìmẹ́nu àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ ló fọ́.

Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ, n kò dúró ti ìsọ̀ pa. Mo mú ègé pákó ìrókò kan, mo wọkọ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò mí. Bàbá Fọláhàn wà ní pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ya fọ́tò lẹ́tà ọmọ mi?" Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní ìyàwó tó bá ń gbèrò láti sá, ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́, pé òun ṣe ohun tí bàbá ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Rónkẹ́, ẹ̀rín yẹn! Mo fi pákó gbá tẹlifíṣọ̀n náà, ó fọ́ yángá. Mo yí padà, mo fi gbá òun náà léjìká, ó yí lulẹ̀ látorí àga. Mo fọ́ gbogbo fèrèsé pálọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì já wọlé, wọ́n gbé mi sọlẹ̀, wọ́n tẹ ọwọ́ òsì mi mọ́lẹ̀ títí ó fi kán. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí. Ti òsì ń dùn mí, ó sì tọ́ kó dùn mí.

Wọ́n mú mi lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní ó di ọ̀run. Àwọn ìyá ìjọ ló wá gbà mí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. N kò kọ́ àwọn ìyàwó tuntun mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi nílé ní Sátidé tó kọjá, ojú rẹ̀ wú. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Mo ń sọ ọ́ báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́: kúrò níbẹ̀, ọmọ mi, má padà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ọlọ́run fà ọ́ padà.

Gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Fọláhàn rán àwọn àgbà ìjọ wọn sí mi, ọkùnrin mẹ́rin. Wọn kò pariwo. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi. Wọ́n ní Akínbọ̀dé ti ronú pìwà dà, pé ó ń gbààwẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́ fojú kàn, pé kí n kàn sọ ìlú tí ẹ wà. Wọ́n sọ̀rọ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Rónkẹ́, mo la ẹnu. Mo la ẹnu mi láti sọ ọ́ fún wọn! N kò mọ nǹkan kan láti sọ ni. Ohun kan ṣoṣo tó gbà yín lọ́jọ́ yẹn ni pé n kò mọ̀.

Nítorí náà, má sọ ibi tí o wà fún mi. Mo mọ ara mi báyìí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún mi dáadáa á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá kọ̀wé bẹ̀ ọ́, má sọ. Bí mo bá bú ọ, má sọ. Bí Tiwa bá fẹ́ kí mi, kó kí mi nínú ọkàn rẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ pé ara mi kò yá, pé mò ń kú lọ, pé orúkọ rẹ ni mò ń pè, má wá. Bí mo bá kú lóòótọ́, má wá.

Ìyá rẹ,
Fẹ́hìntọlá